Àkùkọ Ẹ̀bẹ̀ Tó Ti Àpómù Wá

Sódìq ọmọ mi, Àkànní, ṣé dáadáa lo wà ní Hústìn? Ṣé òtútù ò yọ ẹ́ lẹ́nu? Fàtíà ní ooru ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò gbà, òyìnbó wo ló ń gbé inú ooru? Àwa níbí, a dúpẹ́, gbogbo Ìkirè ń kí ẹ, orúnkún mi nìkan ló ń ṣagídí, èmi náà sì ń ṣagídí fún un. Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ẹ, ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí, ẹni tó yẹ kó dá ẹ lóhùn á dá ẹ ló... ta tiẹ̀ ni obìnrin tó ń gbé fóònù Lọ́yà Adésọjí yẹn?

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti dé ọ̀fun mi. Látìgbà ìtúnu ààwẹ̀ ni Fàtíà ti ń bá mi pe nọ́ńbà lọ́yà rẹ, obìnrin kan náà ló sì máa ń gbé e. Ohùn ẹ̀ dùn, òyìnbó ẹ̀ já geere, ṣùgbọ́n kò gbẹ́kọ̀ọ́ nílé. Mo kí i, kò jẹ́ mi. Mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ló ń wí. Tó bá wí i tán, nǹkan á dún pííì, òun á dákẹ́, mo sì rò pé ó ń gbọ́ mi, ni mo bá ń ṣàdúrà fún un, mo ro gbogbo ẹjọ́ rẹ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kó jíṣẹ́ fún ọ̀gá ẹ̀. Fàtíà ní kì í ṣe èèyàn, pé ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú ohùn? Tí o bá rí i, sọ fún un pé mo ti gba gbogbo àdúrà yẹn padà lọ́wọ́ ẹ̀, àyàfi tọmọ, nítorí a kì í fi tọmọ ṣeré.

Ohun tó jẹ́ kí n mú Fàtíà ọmọ rẹ jókòó kó bá mi kọ lẹ́tà yìí nìyí. Ohùn tí Sàlámọ̀tù àbúrò rẹ bá mi gbà sórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ pé kí o yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ẹjọ́ tí o fi Lọ́yà Adésọjí sùn lọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́yà, jọ̀ọ́, má tẹ̀ lé e. O ti sọ pé ohun tí mo bá wí lo máa ṣe, ìyẹn lẹ̀rù fi ń bà mí. Èmi kọ́ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni o, ṣùgbọ́n ikùn tó yó ló ń bá mi sọ ọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ìyá Adésọjí ti Àpómù wá bá mi, àwọn àti Bàbá Barnabas tó jẹ́ àgbà ìjọ wọn, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, wọn ò wọ bàtà, eruku títì sì ti pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé àkùkọ pupa kan wá tí ogbe orí ẹ̀ ń ṣe lọ́ọ́lọ́ọ́ bíi fìlà olóyè. Mo ní kí wọ́n jókòó, àfi gbì, màmá yẹn ti kúnlẹ̀. Sódìq, wọ́n ti ń bímọ kí n tó lọ́kọ! Mo ní ẹ dìde, wọ́n ní àwọn ò dìde. Wọ́n ní àwọn àgbà lọ́yà ti ránṣẹ́ pe Adésọjí, pé tó bá lọ tán wọ́n lè gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ọmọ àwọn tó fi gbàgbé tìẹ. Bàbá Barnabas ní ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ó ti tán, ó ti parí, ẹ máa lọ sílé.

Wọn ò tíì dé gáréèjì tí Sàlámọ̀tù fi gbé omi kaná. Sódìq, àkùkọ yẹn dùn. Ó dùn débi pé nígbà tí mo ń já itan ẹ̀ lọ́wọ́, mo dárí ji gbogbo ayé. Fàtíà, má kọ ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí Sàlámọ̀tù gbé fóònù wá.

Mo wá ń fi igi ta eyín, ni Fàtíà bi mí pé ṣé wọ́n sọ fún mi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí bàbá òun. Mo ní kí ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, àbí a ò ti parí ẹ̀? Ó ní rárá. Ó ní ọjọ́ tí adájọ́ pe ẹjọ́ ìwé ìgbélùú rẹ, Adésọjí ò lọ, kò sì sọ fún ìwọ náà pé ọjọ́ ti pé, ni adájọ́ bá ti ẹjọ́ pa mọ́ ẹ lórí. Ó ní tí o bá yọ orúkọ rẹ kúrò lọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́yà, adájọ́ á ní kò sẹ́ni tó ṣe ẹ́ ní nǹkan kan nìyẹn, kò ní tún ẹjọ́ náà ṣí, wọ́n á sì lé ẹ wálé. Igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí o wálé o, ta ni ò fẹ́? Ọmọ rẹ tó ń bá mi kọ èyí, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí o lọ, ó ti ga jù mí lọ báyìí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o fẹsẹ̀ ara rẹ wálé kí o tún fẹsẹ̀ ara rẹ padà, kì í ṣe kí wọ́n fà ẹ́ wá bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu.

Ó wá fi fídíò kan hàn mí. Ọjọ́ yẹn gan-an tí adájọ́ ń pe orúkọ rẹ tí ẹnì kankan ò jẹ́, Adésọjí wà níbì kan, ó wọ agbádá, ẹgbẹ́ ọmọ Àpómù tó wà lọ́hùn-ún ń fún un ní àwo kan tó ń dán, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé Alátìlẹyìn Àwọn Àlejò. Ó na àwo yẹn sókè, ó ní àlejò kankan ò ní sunkún níbi tí òun bá wà. Òótọ́ ló kúkú sọ, kò sí níbi tí o ti ń sunkún. Mo tún rí fọ́tò ẹ̀ ní ọ́fíìsì, ìwé kún ẹ̀yìn ẹ̀ débi pé mi ò rí ògiri. Àánú ẹ̀ tún fẹ́ ṣe mí, mo ní bóyá ó ń ka gbogbo ìyẹn tán kó tó kan tìẹ ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Amatullah tó ń ta dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lójú títì. Lọ́dún tó kọjá, ó po dòdò àná mọ́ tòní, ó dì í tà fún èrò ọkọ̀ tó ń lọ Ifẹ̀. Wọn ò tíì dé Gbọ̀ngán tí inú fi ń run wọ́n, gbogbo ibi tí igbó bá ti ṣú ni dírẹ́bà ń páàkì. Dírẹ́bà padà wá fẹjọ́ sùn. Ẹgbẹ́ wa dojú àtẹ Amatullah dé lójú títì, bí a ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní kó jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa kí gbogbo ẹni tó bá kọjá, kò gbọdọ̀ tà, kò gbọdọ̀ sá sílé, àfi tí dírẹ́bà yẹn bá ní ó tó. A lọ bẹ Ìyálọ́jà, èmi gan-an ni mo ṣáájú. Ìyálọ́jà wò wá lọ, wọ́n wò wá bọ̀, wọ́n ní nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ yìí, inú ta ló run? Wọ́n ní ẹ máa lọ sílé. Títí dòní, Amatullah ò po àná mọ́ òní mọ́.

Àbí o ò rí i? Inú màmá yẹn ò run. Inú Bàbá Barnabas ò run. Tèmi gan-an, àkùkọ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì tí wọ́n ń wí yẹn ò tíì kan Adésọjí lára tí tọ̀tún fi ń kánjú.

Nítorí náà, má yọ orúkọ rẹ kúrò. Sọ fún àwọn àgbà lọ́yà kí wọ́n dojú tábìlì ẹ̀ dé, kó jókòó tì í, kó máa kí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ṣebí ó máa ń sọ pé fáìlì rẹ wà lórí tábìlì òun, tí wọ́n bá dojú ẹ̀ dé, a á mọ̀ bóyá á jábọ́. Mi ò ní kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ títí láé o, ṣùgbọ́n ẹni tí inú run ni kó sọ pé ó tó. Mo ti di dòdò sílẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́yà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ Orílẹ̀-Òwu tó pọ́n kẹ̀ẹ́, ata ẹ̀ ò pọ̀. Fàtíà ní rìbá nìyẹn. Mo ní báwo? Ebi kì í pa ẹni tó ń dájọ́ ni? Ó ní kí n má ṣe é. Ó dáa, kí wọ́n jẹ ẹ́ tí wọ́n bá dájọ́ tán, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Owó kékeré kan ló kù tí mo fẹ́ tọrọ, owó àkùkọ ni. Ìkirè mọ̀ ọ́n, Àpómù mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá jẹ àkùkọ ẹ̀bẹ̀ ti gba ẹ̀bẹ̀, èmi ò sì lè pọ èyí tí mo jẹ padà. Iṣu wọn ṣì wà, àyàfi èyí tí a fi gúnyán. Àkùkọ náà gbọ́dọ̀ pupa, kó má kéré sí tiwọn, kí wọ́n má ní mo fi èyí tó rù pààrọ̀ èyí tó sanra. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sí Àpómù. Màá kúnlẹ̀ fún màmá yẹn bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ fún mi, nítorí wọ́n jù mí lọ, màá ní ẹ má bínú, inú ọmọ tèmi ló run. Tí wọ́n bá sunkún, màá bá wọn sunkún, ṣùgbọ́n màá fi àkùkọ wọn sílẹ̀ fún wọn. Kí o fi owó ọkọ̀ sí i, kí n lè lọ lọ́jọ́ tí a bá rà á. Tí àkùkọ yẹn bá fi lè sùn mọ́jú nílé wa, mi ò dá ara mi lójú.

Ọlọ́run á fi ìwé ìgbélùú lé ẹ lọ́wọ́. Ẹni tí o gbọ́kàn lé ò ní sùn lọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ mọ́. Ẹnu ọ̀nà yìí lo máa gbà wọlé, tẹ̀rín tẹ̀rín, Fàtíà ló máa gba báàgì lọ́wọ́ ẹ, Àmín.

Ó tó bẹ́ẹ̀, Fàtíà. Ṣé o kọ ibi tí àkùkọ ti dùn yẹn? Mo ní kí o má kọ ọ́. Ó dáa, fi sílẹ̀, kó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ó yá, kà á fún mi kí n gbọ́, ibi tí mo ti ní kó má yọ orúkọ ẹ̀ kúrò yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì kà á sókè dáadáa.