Àlàmísì Ọkọ-Ìlú

Àtàláátà, 13 oṣù kẹfà, 1972

Ọjọ́ kọkànlá. Àlùfáà ní opó kò gbọdọ̀ yọjú síta fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Èmi tíṣà, tí mò ń pariwo mọ́ ogójì ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán — wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan pẹ̀lú Gbọ́yìísọ̀yìí. Bí n kò bá rí nǹkan kọ, inú mi á bẹ́. Ìwé ìṣirò tí mo fẹ́ pín fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fa ọ̀kan yọ.

Gbọ́yìísọ̀yìí ni Àǹtí Làbákẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ó ní láti fún wọn lórúkọ mìíràn. Lójú rẹ̀, Ìbàdí-Àrán ni mò ń pè é. Gbọ́yìísọ̀yìí ni tinú mi.

Ọkọ mi náà ní tirẹ̀. Yẹ̀kínnì Àkàngbé, káfíńtà, ni gbogbo Mùṣin mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ-Ìlú ni mo sọ ọ́, nítorí ìlú ló kọ́kọ́ fẹ́ kó tó kàn mí.

Lánàá, Gbohùngbohùn wá. Àlàájì Múrítàlá nìyẹn, alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Kò nílò ẹ̀rọ kí ohùn rẹ̀ tó dé òpópónà kejì, síbẹ̀ kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ fídáù ogójì, òun yóò ka ìtàn ìgbésí ayé Ọkọ-Ìlú sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé. Ta ni yóò kọ ọ́? "Ìyàwó, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ojú ewé méjì péré. Ẹ má jẹ́ ó gùn, oúnjẹ á ti máa tutù." Ó tilẹ̀ ti bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ọkọ rere, bàbá rere, oníyàwó kan ṣoṣo.

Alárùbá, 14 oṣù kẹfà

Mo kọ "A bí Yẹ̀kínnì ní Ògbómọ̀ṣọ́." Gbọ́yìísọ̀yìí ní irọ́ ni, ojú ọ̀nà oko ni ìyá wọn bí i sí. Mo pa á rẹ́.

Jímọ̀, 16 oṣù kẹfà

Àwọn tó wá kí mi lónìí jẹ́ mọ́kànlélógún. Ogún nínú wọn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹnì kan tó kù kò tíì gbọ́ pé ó kú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló já, ó ní kí n bá òun jí bàbá.

Bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn. Ta ló ń kó gọ́tà òpópónà wa ní gbogbo Sátidé? Òun ni. Ta ló ń wẹ òkú tí kò lẹ́bí? Òun náà ni. Ta ló ń parí ìjà tọkọtaya ilé kejì, títí àwọn yẹn fi ń jà nítorí kí wọ́n lè rí i? Òun yìí náà ni. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò sì torí ìyẹn pa wá tì o, n kò ní purọ́ mọ́ òkú. Ọmọ mẹ́rin la bí, kò jẹun rí kó má kọ́kọ́ wo abọ́ wọn. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, òun ló di irun Abọ́sẹ̀dé, àbíkẹ́yìn wa. Ó fi tépù káfíńtà wọn àárín orí ọmọ, kí ìlà irun má baà wọ́. Tíṣà wọn bi í níléèwé pé ta ló di irun yìí. Ọmọ ní, "Bàbá mi ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kan ìṣó sí i ni."

Sọ́ńdè, 18 oṣù kẹfà

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ wọ inú ìtàn náà.

Nígbà tí ìjọba kéde pé láti oṣù kẹrin ọdún yìí, ọkọ̀ yóò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, Ọkọ-Ìlú ní kò sí ọmọ àdúgbò wa kan tí ọkọ̀ máa pa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹfun fa ìlà sí àárín rẹ̀. Oṣù méjì gbáko, gbogbo ayálégbé ní láti gba ọwọ́ ọ̀tún lọ sílé ìdáná, kí wọ́n sì gba ọwọ́ ọ̀tún bọ̀. Sylvester, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ réluwé ní Èbúté Mẹ́ta, gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó fi àyà gbá ìkòkò ọbẹ̀ mi. Ọbẹ̀ dànù, èmi ń pariwo, Sylvester ń bẹ̀bẹ̀. Ọkọ-Ìlú kò wo ọbẹ̀. Ó fun fèrè, ó ní kí Sylvester padà sẹ́yìn, kó tún rìn ín.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún gan-an, ó gbé fèrè lọ sí oríta láti àárọ̀. Ó ń darí ọkọ̀, ó ń mú arúgbó sọdá, ọlọ́pàá pàápàá ń kí i. Nígbà tó ṣe tán, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gba ọwọ́ òsì tààrà bọ̀ nílé. Inú gọ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó lánàá ọjọ́ náà la ti fà á jáde.

Mọ́ńdè, 19 oṣù kẹfà

Bó ṣe kú. Gbohùngbohùn ní kí n kọ ọ́ pé "ó jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá". Bó ṣe jẹ́ ìpè náà rèé.

Ní Sátidé, lẹ́yìn Alásárì, ó kó gọ́tà tán, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó gbórí ti ògiri. Sylvester bá a níbẹ̀, ó ń fi ẹjọ́ ará yàrá kejì sùn pé rédíò rẹ̀ ń di òun létí. Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ-Ìlú kò fèsì. Sylvester tún un rò. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó fọwọ́ kàn án. Títí di òní ló ń sọ ọ́, tomijé-tomijé: "Madam, I think say Baba dey judge the matter."

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Àtàláátà, 20 oṣù kẹfà

Ṣàíbù, àkọ́bí wa, kó àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ìwé kékeré tó fi ń kọ ìwọ̀n pákó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìwé náà, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́:

Àlàmísì — Àṣàbí, Ìwáyà. Páànù. Má gbàgbé.

Ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Àlàmísì. Á wẹ̀, á dé fìlà búlúù, á ní òun ń lọ ìpàdé. Kó tó di Màgàríbì, á ti padà dé, ara rẹ̀ á balẹ̀, á máa kọrin sínú. N kò bi í pé ìpàdé wo. Ìpàdé rẹ̀ pọ̀ ju kí èèyàn máa bi í lọ.

Mo ránṣẹ́ sí Gbohùngbohùn: ẹgbẹ́ wo nínú àdúgbò yìí ló ń pàdé ní Àlàmísì? Ó ní kò sí.

Alárùbá, 21 oṣù kẹfà

Àṣàbí. Bó ti wù kí n pè é, ó ń dùn lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Àlàmísì, 22 oṣù kẹfà

Gbọ́yìísọ̀yìí ti rí ìwé náà. Abẹ́ ibùsùn ni mo fi í pa mọ́ sí, abẹ́ ibùsùn náà ló sì deédéé wù ú láti gbá.

Kò bínú. Inú rẹ̀ dùn ni! Ó ní ó ti ń ya òun lẹ́nu: ọkùnrin kú l'Ékòó, ọjọ́ kẹjọ kọjá, ìyàwó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò tíì yọjú. Ó ní ó fẹ́ máa jọ àbùkù fún ẹbí àwọn. Bí obìnrin náà bá dé, inú yàrá yìí ni yóò ti bá mi ṣe opó, ọkọ kan náà ló kú fún wa. Ó ti sún ẹní mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní kí n má fẹsẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ mọ́.

Sátidé, 24 oṣù kẹfà

Gbọ́yìísọ̀yìí lọ Ìwáyà lọ ṣe ìwádìí. Apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan ló gbé bọ̀. Ó jẹ ẹja kan tán kó tó la ẹnu.

Ó ní Àṣàbí kò sí nílé, ó ti lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n gbogbo agbolé ló mọ Ọkọ-Ìlú. Wọ́n ní bàbá tó máa ń wá ní gbogbo Àlàmísì ni. Á bọ́ bùbá lẹ́nu ọ̀nà, á wọlé, á sé ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pariwo lójúde títí á fi jáde. Gbọ́yìísọ̀yìí ní kí wọ́n sọ fún obìnrin náà pé ó ti kú. Ó sì ní ẹja Ìwáyà dára ju ti ọjà wa lọ.

N kò jẹ nínú ẹja náà.

Mọ́ńdè, 26 oṣù kẹfà

Mo kọ "oníyàwó kan ṣoṣo". Mo ya á. Mo tún un kọ. Mo tún un ya.

Ẹ̀sìn wa gbà á láyè, mo mọ̀. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pé èmi nìkan ló máa tó òun. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rí eku ní ṣọ́ọ̀bù, á dé ilé sọ ìrù eku náà bó ṣe gùn tó! Gbogbo nǹkan ló ń sọ fún mi. Kò sọ èyí. Wọ́n ní kò dára kí èèyàn máa bínú sí òkú. Mo ń bínú sí i.

Àlàmísì, 29 oṣù kẹfà

Gbohùngbohùn dúró lójú títì, ó béèrè bí ìwé ṣe ń lọ. Mo gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ ní Ìpọ̀nrí náà.

Àlàmísì, 6 oṣù keje

Àṣàbí dé.

Gbọ́yìísọ̀yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré wé gèlè. Mo gbọ́ tó ń kí i, "Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó wa!" Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti mọ obìnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló wọlé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Yóò ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Eyín méjì ló kù. Ó gbé ìrọ̀rí kan há abíyá. Ó ní òun ni Àṣàbí ẹlẹ́ja, pé Àlàmísì mẹ́ta lòun fi tẹ́ ẹní sílẹ̀ lásán kí wọ́n tó jíṣẹ́ ikú fún òun, ẹsẹ̀ dídùn ni kò sì jẹ́ kí òun tètè wá. Ìrọ̀rí ọkọ mi lòun mú wá.

Ohun tó sọ nìyí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìjì ṣí páànù orí ilé rẹ̀, Ọkọ-Ìlú bá a kàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè bóyá òun lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó sùn láti Àìlà di Alásárì. Nígbà tó jí, ojú ń tì í, ó ní ṣé wọ́n lè jẹ́ kí òun tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe di ti gbogbo Àlàmísì nìyẹn. Kì í jẹun, kì í mumi. Oorun ló ń bá wá. Bí páànù kan bá jò, á kàn án kó tó sùn. Màmá á gbé àpótí síta, á máa lé àwọn ọmọdé.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí kò lè sùn nílé ara rẹ̀. Màmá ní àwọn náà bi í bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ìyàwó mi láàánú. Kì í lé ẹnikẹ́ni padà."

Gbọ́yìísọ̀yìí wò mí. Ó lọ bu omi wá fún màmá.

Jímọ̀, 7 oṣù keje

Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Sátidé, 8 oṣù keje

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bó ń jẹun ni o, bó ń sùn ni o, bí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn, "Wọ́n wà nílé, ẹ wọlé!" lẹ́nu mi. Èmi ni n ó tún lọ gbọ̀n ọ́n jí. Inú mi sì máa ń dùn. Bí gbogbo ìlú bá ń wá ọkọ èèyàn, orí èèyàn á wú. Kò bá mi jà lé e lórí rí. Á wá bàtà rẹ̀, á jáde.

Ẹni tó ń parí ìjà gbogbo ayé, kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé oorun ń kun òun! Ó lọ ń wá ibi sùn dé etí ọ̀sà. Òpònú ọkùnrin. Ó dùn mí dé egungun. Ì bá sọ fún mi. Èmi náà ì bá sì wo ojú rẹ̀.

Àtàláátà, 11 oṣù keje

Mo parí ìwé. Báírò ni mo fi kọ "oníyàwó kan ṣoṣo". Ìlà tó kẹ́yìn: "Ó máa ń sùn lọ́sàn-án Àlàmísì." Gbọ́yìísọ̀yìí kà á, ó ní ṣé irú èyí ló yẹ kí wọ́n máa kà nídìí fídáù ọmọ ìyá òun, bí ẹni pé ọ̀lẹ ni. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alárùbá, 12 oṣù keje

Fídáù ogójì. Àtíbàbà dí ojú títì láti ìkángun dé ìkángun. Èmi wà nínú yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnì.

Gbohùngbohùn gba ìwé, ó gba ẹ̀rọ. Kí n sòótọ́, ó kà á dáadáa. Ọ̀nà oko, irun Abọ́sẹ̀dé, ọwọ́ ọ̀tún: gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nujú. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó wò ó. Ó ká ìwé náà, ó nàró. "Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá yìí ò mọ ọ̀sán, wọn ò mọ òru! Ẹni tó bá wọn nídìí oorun rí, kó nawọ́!"

N kò mọ ìgbà tí mo fa kọ́tìnì ya. Opó kì í gbóhùn sókè. Ohùn tí mo fi ń kó ogójì ọmọ wọ kíláàsì ni mo lò. "Irọ́ ni, Àlàájì! Wọ́n máa ń sùn! Ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́!"

Láàárín àwọn ìyá àgbà, ọwọ́ kan nà sókè, pẹ̀lú ọ̀pá nínú rẹ̀. Màmá Àṣàbí. "Òótọ́ lọmọ yẹn ń sọ. Wọ́n tún máa ń hanrun, àfi bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó."

Àlùfáà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Sylvester. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìlú. Gbohùngbohùn tú ìwé náà padà, ó kà á bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Gbọ́yìísọ̀yìí wọlé wá bá mi, ó ní mo ti dójú ti ẹbí. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Níta, Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́run fún Yẹ̀kínnì ní ìsinmi. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí àdúà yẹn, n kò lè ka iye òkú tí mo ti ṣe é fún. Òní ni mo mọ ohun tí mò ń tọrọ.