Kókó Tí Bàbá Máa Ń Ta

Èkó, ọdún 1861

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, mo sì ń yó.

Láràárọ̀ ni olùkọ́ ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún, lọ́sàn-án a ó ka ìtàn. Lánàá, ó ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn ilé wa. Mo sọ bí Bàbá ṣe bi mí lóko Lálúpọn, nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, pé, "Dìpẹ̀, kí ni òyìnbó ń pe iṣu?"

"Yáàmù ni, Bàbá."

"Háà, ebi á pa wọ́n! Èyí tí kò kún ẹnu, ṣé ó lè kún ikùn?"

Gbogbo wa nílé ìwé rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ń ṣomi.

Obì tí ẹ fi rán Hàjàrá oníṣòwò ti dé. Ó ní ẹ ní Bàbá ló dì í, bíi ti ọdọọdún. Ìyá mi, ọwọ́ òsì ni Bàbá fi ń ta kókó okùn ẹrù, apá òsì ni kókó náà sì máa ń yí sí. Apá ọ̀tún ni èyí yí sí. Ẹ̀yin lẹ ta á. Mo mọ̀ pé Bàbá ti lọ, ẹ sì fi í pamọ́ kí n má baà sáré wálé, kí n kó sọ́wọ́ ogun lójú ọ̀nà. Inú kò bí mi. N kò tíì tú okùn náà.

Ẹ bá mi kí ará ilé. Tí ẹ bá ń gbá yàrá tí wọ́n sin Bàbá sí, ẹ rọra gbá a, kí ẹ sì sọ fún Bàbá níbẹ̀ pé Dìpẹ̀ ní yáàmù Èkó kò kún ẹnu lóòótọ́.

Ọmọ yín,
Òrìṣàdìpẹ̀