Iṣan Ẹ̀dọ̀ Tó Gba Ọ̀nà Mìíràn

Ọjọ́ Ajé, 2 Sẹ́tẹ́ńbà 1996. Iléṣà.
Mo gba ìpè Gíga — ọkọ mi — láti Lọ́ńdọ̀n, ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Wúrà ọmọ wa, tó gbé lọ fún ìtọ́jú, ti wọ wọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Wọ́n fẹ́ gé díẹ̀ lára ti bàbá rẹ̀ fún un. Gé èèyàn láàyè! Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 5.
Mo gbàdúrà burúkú. Olúwa, jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọn ò fi ní gé Gíga. Mo ti ṣe àmín kí n tó rántí Wúrà.

Àìkú, 8.
Ìyá ọkọ mi — Ọ̀gágun ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, níbi tí kò ti lè kà á — kó àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ, wọ́n ń gbààwẹ̀. Èmi ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Òórùn ọṣẹ ń rí mi lára. Oyún ni. Gíga ò mọ̀, ó ti lọ kí èmi gan-an tó mọ̀. Ta ni yóò pariwo irú ẹ̀ nínú tẹlifóònù, lójú èrò? Èyí tó wálẹ̀ lọ́dún tó kọjá, gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Èyí, ó di ìgbà tó bá yọ.

Ọjọ́rú, 11.
Àdúrà mi gbà.
Wọ́n da oògùn sínú iṣan Gíga, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀. Iṣan kan ló máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ lọ sí ẹ̀dọ̀, tó sì ń pín nínú rẹ̀. Ti Gíga jẹ́ méjì. Èyí tó wọ apá tí wọ́n fẹ́ gé gba ọ̀nà àpòlúkù wá, ó tín-ín-rín bí òwú. Dókítà ní bí àwọn bá so ó mọ́ ti Wúrà, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú rẹ̀. Ara Gíga le koko o — bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Àmọ́ wọn ò ní gé e.
Ọ̀gágun ní, "Kò sí irú ẹ̀ nínú ulé wa!"
Ẹkún gbé mi. Ta ló rán mi ní irú àdúrà yẹn?

Ẹtì, 13.
Oorun ò wá.

Ìṣẹ́gun, 17.
Gíga tún pè. Ọ̀gágun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé etí lé ejìká mi, èrò tò sẹ́yìn wa. Gíga ní èmi ló kù. Ẹ̀jẹ̀ èmi àti Wúrà bára mu. Kí n máa bọ̀, wọ́n á ya àwòrán iṣan tèmi náà wò. Ó wá ní dókítà ní kí òun bi mí: ìgbà wo ni mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn?
Ìbéèrè tí èmi fúnra mi máa ń bi àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ ayàwòrán. Wọn kì í ya aboyún bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sì í gé e.
"Ìbíjọkẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi?"
Mo pariwo pé laini ò dáa. Mo gbé e sílẹ̀.
Laini dáa. Mo ń gbọ́ Wúrà tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.