Ẹ́kìsì Pupa Tí Kò Parẹ́ Lára Ògiri Mi

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ọ̀nà Alápákó,
Ibafo,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àbójútó Ilé àti Ojú Àgbàrá,
Owódé Ẹ̀gbá,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÀMÌ TÍ Ọ́FÍÌSÌ YÍN TI FAGI LÉ, TÍ KATAPÍLÀ SÌ FẸ́ TORÍ RẸ̀ WÓ ILÉ MI

Èmi ni Sọ̀fíyátù Àbẹ̀kẹ́, tí gbogbo Ibafo mọ̀ sí Ìyá Onítàdáwà. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi kúrò ní sùkúù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ fojú fò ó, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

1. Tàdáwà ìkọ̀wé ni mò ń ṣe tà. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni dúdú tí àwọn aáfà ń rà fún àwọn ọmọ ilé kéwú láti fi kọ wàláà. Ìyẹn gbọ́dọ̀ fọ̀, nítorí bí ọmọ bá ti ka ohun tó wà lórí wàláà tán, omi ni yóò fi fọ̀ ọ́ kí ó lè kọ òmíràn. Èkejì ni pupa tí kì í fọ̀. Osùn ni mo ń rẹ sínú sípíríìtì tí mo ń rà ní kẹ́míìsì, mo ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo sì ń fi ohun mìíràn sí i tí kò kan ọ́fíìsì yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ nǹkan, tí wọ́n sì ń yàwòrán sára ògiri láti Ibafo títí dé Mowe, àwọn ló ń ra èyí. Wọ́n ti ra máákà inú ṣọ́ọ̀bù títí ó fi sú wọn. Bí oòrùn bá ti rí i, ó ń ṣí. Ìdí tí wọ́n fi ń wá mi wá nìyẹn.

2. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé láti ọ́fíìsì yín wá sí àdúgbò wa pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fẹ gọ́tà, ilé tó bá sì sún mọ́ ọn jù yóò wó. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ẹ́kìsì ńlá sára gbogbo ilé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tèmi náà wà níbẹ̀. N kò bá wọn jà. Mo kàn sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ pé wọ́n ti da omi sí ọ̀dà yẹn jù, kò ní rí òjò kó dúró. Ó ní kí màmá àgbà lọ jókòó, pé ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe ẹ̀kọ mímu.

3. Òjò oṣù Kẹta rọ̀. Àwọn ilé tí òrùlé wọn yọ síta, òrùlé náà gba àmì tiwọn sílẹ̀. Òrùlé tèmi kò gùn, nítorí náà ẹ́kìsì tèmi ṣàn wọ gọ́tà, ó ku àpá rúdurùdu lára ògiri. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé padà wá, ó pè mí jáde níwájú èrò. Ó ní ta ló rán mi láti fọ ọwọ́ ìjọba dànù. Mo ní òjò ni. Ó ní ṣé ilé tèmi nìkan ni òjò mọ̀ ní Ibafo ni. Ó ní ẹni tó bá pa àmì ìjọba rẹ́ yóò san owó ìtanràn, àti pé kí òun tó padà dé, kí àmì náà ti wà ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé mi ni katapílà yóò kọ́kọ́ wó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹni tí kò jalè, tí wọ́n pè lólè níwájú ayálégbé rẹ̀, kí ló yẹ kó ṣe?

4. Mo dá a padà. Kaosarah, ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára ògiri fún àwọn ènìyàn, ló bá mi kọ ọ́. Ó ní ìgò rọ́ọ̀lọ́ọ̀nù abíyá kan tó ti yọ bọ́ọ̀lù ẹnu rẹ̀, tó fi fọ́ọ̀mù dí i, òun ló ń lò ní máákà. A bu tàdáwà pupa mi sí i, ó sì tẹ̀lé ojú àpá tí ọ̀dà yín fi sílẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo lè po pupa tó ń fọ̀ bíi ti wàláà láti fi kọ ọ́. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe ohun tó yẹ kí omi máa gbé lọ. Kí n má purọ́, mo tún fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé rí ohun tí à ń pè ní pupa. Nígbà tó dé, ó wò ó, ó ní ó ti dára báyìí. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

5. Ní oṣù Kẹrin ni wọ́n wá wọn ilẹ̀ dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé fúnra rẹ̀ dìde ní ìpàdé àwa onílé, ó ní òdìkejì ni gọ́tà yóò gbà, àwọn ti fagi lé gbogbo ẹ́kìsì apá ọ̀dọ̀ wa. Mo ṣe sàárà fún àwọn ọmọ kéwú lọ́jọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ yín sì wá nu àmì kúrò. Lára ilé àwọn yòókù, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Tèmi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi yanrìn ha á, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ilẹ̀ mọ́, pupa tún yọ. Wọ́n tún kùn ún, ó tún yọ, ó tilẹ̀ tún fẹ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ kan bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ni mo fi kọ ọ́. Àwàdà ni lẹ́nu tirẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé mi kan, káfíńtà ará Ìkirè, gbọ́ ọ, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó ní òun kò lè sùn nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

6. Báyìí, katapílà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti apá Mowe. Mo lọ bá awakọ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó ní ìyá, èmi ò mọ̀wé o, ẹ́kìsì ni mo mọ̀, tí mo bá ti rí pupa, mo ń bọ̀ nìyẹn. Ó ní bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, Ọ̀nà Alápákó ló kàn.

7. Mo wọ ọkọ̀ wá sí Owódé, mo bá Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé. Ó ní ẹ́kìsì tí àwọn kọ ti bá òjò lọ tipẹ́, èyí tó wà níbẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́, kí n lọ pa á rẹ́ fúnra mi. Mo ní ó dáa, màá fi irin àti òòlù gé e kúrò. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé rẹ̀ ti ń pè mí padà pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká mọ́ ìdí àmì ìjọba, ìtanràn rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀. Ẹnì kan ní kí n pa á rẹ́, ẹnì kejì ní bí mo bá pa á rẹ́ màá sanwó, inú ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé wá ní kí n ra ọ̀dà olóòróró tó nípọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí n fi bò ó. Mi ò ní rà á. N kò ní fi owó mi ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láti fi bo tèmi mọ́lẹ̀ nítorí àṣìṣe yín. Ká ní ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù yín lágbára ni, ọ̀rọ̀ wa kì bá tí dé ibi tó dé yìí.

8. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ́kìsì náà bá jẹ́ ti ìjọba, ìjọba ti fagi lé e níwájú gbogbo onílé, kò sí ohun tí katapílà ń wá lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá sì jẹ́ tèmi, èmi kò ránṣẹ́ pe katapílà. Ẹ kò lè fi í ṣe tèmi nígbà tí ó bá kan ká pa á rẹ́, kí ẹ tún fi í ṣe tiyín nígbà tí ó bá kan ká wó ilé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí Iléyá tó dé, kí ẹ rán ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lọ bá awakọ̀ náà, kí ó fi ẹnu sọ fún un pé ilé mi kò sí lára èyí tí yóò wó, nítorí ìwé kò wúlò fún un. Lẹ́yìn náà, kí òṣìṣẹ́ yín wá gé símẹ́ǹtì tí pupa náà ti wọ̀, kí ó sì fi símẹ́ǹtì tuntun rẹ́ ẹ padà, kí àwọn ayálégbé mi lè fọkàn balẹ̀. Ilé yìí ni mo ní, n kò ní òmíràn tí n óò kó lọ ní ọjọ́ ogbó mi.

Bí ẹ kò bá rán ẹnikẹ́ni, màá gbà pé ohun tí ọ́fíìsì yín ń sọ ni pé ẹ́kìsì tí ìyá àgbà kan kọ tó láti wó ilé. Ọjọ́ tí mo wá sí Owódé, mo rí i pé ògiri iwájú ọ́fíìsì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà, ó funfun, ó sì dán. Awakọ̀ yẹn kò mọ̀wé. Tàdáwà mi ṣì kù nílé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi tí mò ń retí yín kí Iléyá tó dé,

Sọ̀fíyátù Àbẹ̀kẹ́ Sùlèímọ́nù,
Ìyá Onítàdáwà, onílé.