Màámi, Ẹ Má Fi Ṣíbí Sí Àjọkẹ́ Lẹ́nu Mọ́

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Agbowó níbí. Ẹ bá mi kí Bàámi, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì padà sóko títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi san dáadáa. Rónkẹ́ àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí fún wọn, o kú ìtọ́jú ọmọ. Má fo ìlà kankan, títí kan èyí tí kò bá dùn.

Ìdí tí mo fi gbé e sínú ìwé ìròyìn ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò gbé fóònù mi. Mo sì mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́ ni irú ṣíbí yẹn wà. Kí ẹni tó ń bá wa kà á lè mọ bó ṣe jẹ́: gírì gbé Àjọkẹ́, ọmọ Rónkẹ́. Ẹ fi ṣíbí la eyín rẹ̀, ẹ sì da àdín sí i lẹ́nu. Ọmọ jí. Nígbà tí mo gbọ́, mo pariwo lé yín lórí pé díẹ̀ ló kù kí ẹ pa ọmọ. Ẹ ní ṣé èmi tí ẹ fi ṣíbí kan náà jí ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa fóònù.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni wọ́n fi mí sí ní ilé ìwòsàn tí mo wà ní Ring Road. Ọkọ̀ Máíkírà méjì ni mo ń wọ̀ débẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀, Dùgbẹ̀ kì í ṣeé kọjá. Ara mi le. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń ṣòro, nítorí mo máa ń se ìrẹsì ẹni méjì, tèmi àti tiyín, kí n tó rántí pé èmi nìkan ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti Moniya. Gírì ṣì ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ mọ̀ mí, iṣan ni mo sáré ń wá láti fi abẹ́rẹ́ sí. Nọ́ọ̀sì àgbà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣé inú iṣan ni ọmọ ti ń mí ni. Wọ́n ní kí n wo ẹnu àti imú ná, kí n gbọ́ èémí, kí n tó máa wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Wọ́n yí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ fa ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ jáde. Ó dúdú, ó ń yọ̀. Òórùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Àdín ni.

Mo bi ìyá àgbà léèrè ohun tí wọ́n fún un. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo jágbe. Wọ́n tún ní kò sí nǹkan, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mọ́mì tì mí sẹ́yìn. Wọ́n ní ìyá kú iṣẹ́, pé ìyá ló kọ́kọ́ jà fún ọmọ yìí, kí ìyá jọ̀ọ́ sọ ibi tí wọ́n bá a dé kí àwa lè tẹ̀ síwájú. Ìyá àgbà wá tú u síta: àdín, àti àgbo ewé tábà tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Mọ́mì ní kí n wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ kíá, pé àgbo yẹn máa ń fà á wálẹ̀. Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí n ti wọ̀n ọ́n, ẹjọ́ ni mo ń rò. A fi omi ṣúgà sí i níṣan, gírì sì dá. Àmọ́ àdín ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ló fi gba afẹ́fẹ́ lára ẹ̀rọ kó tó lè jẹ ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn náà Mọ́mì sọ fún mi pé ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ, pé ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fún wa nítorí ẹnu burúkú ni yóò pa ọmọ.

Màámi, ojú yín ni mo rí lójú ìyá náà. Ẹ dárí jì mí. Eyín iwájú mi tí ṣíbí yẹn ṣẹ́, tí ẹ máa ń fi han àlejò pé ibẹ̀ ni ẹ ti já mi gbà, mi ò tijú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n alágídí ni mo jẹ́, ẹ̀yin náà lẹ bí mi, n ó sọ òótọ́: ṣíbí kọ́ ló jí mi. Gírì sábà máa ń dá fúnra rẹ̀. Ṣíbí kàn wà níbẹ̀ nígbà tó dá ni.

Bí ibà bá tún mú Àjọkẹ́, gírì lè padà. Bó bá padà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi. Kí Rónkẹ́ wo aago, kí ẹnì kan wá ọ̀kadà. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ewu ti dé. Bó bá tilẹ̀ tètè dá, ẹ ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ọwọ́ yín bá sì ti yá jù, tí ẹ ti fún un ní nǹkan, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Bó bá jágbe mọ́ yín, ẹ sọ fún un pé ọmọ yín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ fi ṣíbí náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gààrí tó ń bọ̀. Òun ni n ó máa fi jẹ ìrẹsì ẹni méjì yẹn.

Ọlọ́run á dá Àjọkẹ́ sí, á jẹ́ kí ẹ̀yin àti Bàámi jẹun ọmọ pẹ́. Mo kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, n ó pè. Màámi, ẹ gbé e.

Èmi ni ọmọ yín tí eyín rẹ̀ ṣẹ́,
Wálé.