Bẹ́ǹṣì Tí Ẹ Kàn Sẹ́nu Àgọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ogúnléndé ni ẹni tí ogun lé kúrò nílé, tó sá dé ilẹ̀ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń là á yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí n tó kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣètò ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa gbé, tí á sì ti máa rí oúnjẹ jẹ. Ẹ̀yin ò nílò àlàyé. Ogun lé yín kúrò ní Jallah Town, àdúgbò wa ní Monrovia, èmi lórí èjìká yín.

Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Àwọn tó sá wá láti Ivory Coast ni mò ń yàwòrán ilé fún báyìí, lẹ́yìn odi Monrovia. A kọ́ ọjà fún wọn ní ìpẹ̀kun àgọ́, ẹnikẹ́ni ò tajà níbẹ̀. Awá, opó tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọ̀gá ayàwòrán, ewúrẹ́ ló ń ná ọjà yín! Tí mo bá lọ jókòó síbẹ̀, ta ni á wo àwọn ọmọ mi?”

Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ wó ààrò rẹ̀, torí iná lè ran ilé pákó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ á jẹ?

Mo wá rántí àgọ́ tí àwa náà sá dé nígbà ogun. Kí ẹ tó wá ibi tí a máa sùn, ẹ ti kan bẹ́ǹṣì sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ nù ún, bí ẹ ṣe máa ń nu ti ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Waterside nílé lẹ́yìn àsùbáà, ẹ jókòó, ẹ ń kí ẹni tó ń kọjá. Ẹ ò sì tíì ní ohun tí ẹ máa tà! Kí lẹ rí tí ọkàn yín fi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó jókòó tì yín ló mú yín mọ àwọn tó ń se ọṣẹ. Ọṣẹ wọn lẹ wá ń tà, òun la fi jẹun.

Mo tún àwòrán yà: àwọn ilé kọjú síra bí agboolé, ààrò búlọ́ọ̀kù wà láàárín, ó jìnnà sí ògiri, ojú ìyá sì tó ọmọ. Wọ́n gbà kí a kọ́ ẹyọ kan dánwò. Awá ni á kọ́kọ́ kó wọ̀ ọ́. Títí dìgbà náà, wọn ò ní fọwọ́ kan ààrò rẹ̀. Àwọn ìyókù nínú àgọ́ ńkọ́? Mi ò mọ̀.

Kí Ọlọ́run fi Alùjáńnà kẹ́ yín. Ohun tí mò ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí ò pọ̀: kí o tó fa ìlà àkọ́kọ́, lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí o fẹ́ kọ́lé fún, kí i, kí o sì jókòó tì í.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń nu bẹ́ǹṣì yín.