Orúkọ 'Ará Òkè Odò' àti Ààyè Ìyá Mi ní Itẹ́ Òkú

Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
Òpópónà Ilé Omi.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Itẹ́ Òkú,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFISÙN LÓRÍ ÀÀYÈ TÍ WỌ́N FI DU ÌYÁ MI NÍTORÍ PÉ WỌ́N Ń PÈ É NÍ ARÁ ÒKÈ ODÒ

1. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí. Mo ti wá sí ọ́fíìsì yín títí ó fi sú mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Ìyá mi, oníbúrẹ́dì Òpópónà Ilé Omi, ń ṣàìsàn, dókítà sì ti ní kí a máa múra sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni pé kí a sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ẹni tó ń tún páìpù omi ìlú yìí ṣe títí ó fi kú. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, àwọn òṣìṣẹ́ yín ló fi ààyè sílẹ̀ fún aya rẹ̀.

2. Akọ̀wé yín sọ fún mi pé ààyè náà kò lè jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ní òfin tuntun sọ pé ọmọ ìlú nìkan ni a ó máa sin síbẹ̀, àti pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé ará òkè odò ni ìyá mi. Ó ní kí a lọ sí apá àwọn àlejò nísàlẹ̀, níbi tí omi máa ń dúró sí. Bàbá mi gbìyànjú láti fa omi ibẹ̀ gbẹ nígbà ayé rẹ̀, apá rẹ̀ kò ká a.

3. Lóòótọ́ ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣà ìlú wa ni: ibi tí ẹni tó wọlé wá ti wá ni a fi ń pè é, a kì í sì í yí i padà. Afárá kan ṣoṣo ni ìyá mi kọjá wá síbí nígbà tí bàbá mi gbé e níyàwó. Ó bímọ, ó tọ́mọ, irun rẹ̀ funfun, Ará Òkè Odò ló ṣì ń jẹ́. Búrẹ́dì òkè odò ni wọ́n ń pe búrẹ́dì rẹ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ààrò ẹ̀yìn ilé wa níbí ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tí èmi àti ìyá mi gbé búrẹ́dì náà lọ sí òkè odò, àwọn ìbátan rẹ̀ bi wá pé irú búrẹ́dì wo nìyí. Ará Ìsàlẹ̀ Odò ni wọ́n sì ń pe ìyá mi lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

4. N kò bínú sí akọ̀wé yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, búrẹ́dì ìyá mi ló ń jẹ, ó ń fi tíì tì í. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ìyá mi kò sí lókè odò.

5. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá ààyè rẹ̀ padà fún un. Bó bá wù yín, ẹ kọ Ará Òkè Odò sára òkúta rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń pè é, kò sì dùn ún rí. Àràárọ̀ ló ń bi mí bóyá ẹ ti fọwọ́ sí i. Mo ti ń sọ fún un pé ẹ ti fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ irọ́ yẹn di òótọ́ nígbà tó ṣì lè béèrè.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì,

Aránṣọ Òpópónà Ilé Omi,
Ọmọ Ará Òkè Odò.